Àwòrán mọ́, ọwọ́ ń gbọ̀n

Ọjọ́rú, Ìbàdàn

Ọwọ́ ọ̀tún Bàbá ò sinmi títí a fi tì wọ́n wọ inú ẹ̀rọ MRI, ẹ̀rọ tó ń fi mágnẹ́ẹ̀tì ya àwòrán inú ara, lónìí. Àtàǹpàkò wọn ń fara ra ìka ìlábẹ̀ bí ìgbà téèyàn ń ka owó. Parkinson's, àìsàn ọpọlọ tó ń mú ọwọ́ gbọ̀n, ni dókítà ń fura sí. Àwòrán jáde, kò sí kókó, kò sí ibi tí ẹ̀jẹ̀ dì sí. Ni ọmọ wọn obìnrin tó bá wọn wá láti Mọ́níyà bá bi mí pé, "Àǹtí, ṣé pé nǹkan kan ò ṣe Bàbá wa nìyẹn?" Mo ní kó jẹ́ kí dókítà ṣàlàyé. Ìrìn àti ọwọ́ Bàbá ni dókítà máa wò, wọ́n lè fún Bàbá ní levodopa, oògùn àìsàn náà, kí wọ́n wò ó bóyá ara á gbà á.

Ìbéèrè yẹn ń dùn mí. Omi inú ara ni ẹ̀rọ wa ń yà: ẹ̀rọ náà á dà á rú díẹ̀, a ó wá wo bó ṣe ń padà sípò. Gadolinium, irin tí à ń gún fún aláìsàn kí àwòrán lè hàn dáadáa, òun gan-an, àwa kì í rí i. Omi tó bá sún mọ́ ọn ló ń yára padà sípò, ibẹ̀ á wá funfun. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ bá gbé e dé ló ń fi hàn. Bí dopamine, kẹ́míkà ọpọlọ tí Parkinson's ń mú dínkù, ń tán lọ, kò kàn án.

Ṣùgbọ́n àwọn kan ń ṣe contrast, irú nǹkan tí à ń gún yẹn, tó ń dáhùn sí kẹ́míkà inú ara. Ní 1997, onímọ̀ kẹ́míkà Thomas Meade àti ẹgbẹ́ rẹ̀ bo gadolinium kí omi má lè dé ibẹ̀, àfi tí ẹ́ńsáìmù kan, irú purotéènì tó lè gé nǹkan, bá gé ìbòrí náà kúrò. Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ti olùwádìí Alan Jasanoff ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà, tòun ti Frances Arnold, olùwádìí bíi tirẹ̀, ní 2010. Wọ́n mú purotéènì bakitéríà tó ní irin nínú, wọ́n ń yí i padà, wọ́n ń ṣa èyí tó dára, títí ó fi ń di dopamine mú. Bí dopamine bá ti so mọ́ irin yẹn, omi ò ráyè níbẹ̀ mọ́, àwòrán á yí padà. Nígbà tó fi máa di 2014, wọ́n ti fi irú rẹ̀ rí dopamine tó ń tú jáde nínú ọpọlọ eku tó wà láàyè. Láàyè o!

Inú ọpọlọ eku náà ni wọ́n sì gún un sí tààrà, torí ògiri tó wà láàárín ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ kì í jẹ́ kó kọjá. Ta ló máa lu ihò sí agbárí Bàbá nítorí àwòrán? Lójú tèmi, orí ògiri yìí ló yẹ kí owó ìwádìí lọ, ju orí ẹ̀rọ tí agbára mágnẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń ga sí i lọ.