Ihò mẹ́ta kì í ṣe ẹ̀rí: ohun tí ọdún 10 nídìí òṣùwọ̀n ẹ̀tù kọ́ mi

Oṣù yìí ló pé ọdún 10 tí mo ti ń di kàtíríìjì ìbọn fúnra mi, ìyẹn ni pé mò ń wọn ẹ̀tù sínú idẹ, mo sì ń fi ọta dé e, nínú gáréèjì ilé mi ní Houston. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ nǹkan sílẹ̀ fún ẹ̀yin àbúrò tó ń bọ̀ lẹ́yìn, ṣùgbọ́n fọ́tò tí ọ̀kan nínú yín fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp lọ́jọ́ Àìkú ló jẹ́ kí n jókòó ti ìwé. Ihò mẹ́ta lórí bébà, ní 100 yáàdì, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọnú ara wọn. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹ̀gbọ́n, mo ti rí i! Ṣé kí n di 500?"

Àyà mi já.

Mo mọ̀ pé ẹ ti ní ìpìlẹ̀. Ẹ mọ̀ pé gíréènì 7,000 ló wà nínú pọ́n-ùn kan, pé ìdá kan nínú mẹ́wàá gíréènì kì í ṣe ohun tí à ń fojú dá, pé idẹ kàtíríìjì irú .223 tó bá ti gùn ju ínṣì 1.760 lọ, gígé ló kàn. Mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ mẹ́fà ni mo fẹ́ kà fún yín.

Èkíní: ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá fẹ́ ti ọta wọnú idẹ díẹ̀ sí i, ẹ má fọwọ́ kan ẹ̀tù, ẹ má sì pààrọ̀ práímà, ohun kékeré ìdí idẹ tó ń tanná ran ẹ̀tù. Ẹni tó yí mẹ́ta padà lọ́jọ́ kan, bí ìbọn rẹ̀ bá tilẹ̀ dára sí i, kò lè sọ èyí tó ṣe é nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Èkejì: ẹ mọ ọ̀pá ìbọn yín kí ẹ tó ra ọta. Àwọn ìlà tó lọ́ yípo nínú rẹ̀ ló ń mú ọta yí. Ọ̀pá tí ìlà rẹ̀ ń yípo lẹ́ẹ̀kan nínú ínṣì 12, ọta fúyẹ́ ló wà fún, gíréènì 40 sí 55. Bí ẹ bá fi ọta gíréènì 77 sí i, ọta yẹn á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lójú òfuurufú, ẹ ó sì rí ihò gígùn lórí bébà, níbi tó ti fi ẹ̀gbẹ́ wọlé. Ọ̀pá tí ìlà rẹ̀ ń yípo lẹ́ẹ̀kan nínú ínṣì 8 tàbí 7 ni irú ọta bẹ́ẹ̀ ń fẹ́.

Ẹ̀kẹta: ẹ má gba ihò mẹ́ta gbọ́. Ibí yìí ni mo fẹ́ dúró sí, nítorí ibẹ̀ ni ọgbẹ́ mi wà.

Ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ ni. Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ ní ẹ̀gbọ́n tó ń sin màlúù lápá Amarillo. Ẹranko kékeré kan tó dà bí ọ̀kẹ́rẹ́, tí wọ́n ń pè ní prairie dog, ti gbẹ́ ihò káàkiri pápá rẹ̀, ó ń jẹ koríko màlúù, ẹ̀rù sì ń ba ọkùnrin náà pé ẹsẹ̀ ẹran òun lè kán nínú ihò. Ó ní kí n wá ràn òun lọ́wọ́ nínú oṣù Keje. Inú mi dùn kọjá sísọ. Apòògùn ni mí, wíwọn nǹkan ni mo fi ń jẹun. Ọmọ ọdẹ sì ni mí, ọdẹ Ìgbòho. Mo fẹ́ kí wọ́n rí i.

Nínú oṣù Kìíní ni mo lọ sí pápá ìyìnbọn láti wá ìwọ̀n ẹ̀tù tí ìbọn mi fẹ́. Òtútù mú láàárọ̀ ọjọ́ náà, bíi 40 lórí Fahrenheit. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ bí ìwé ìwọ̀n ẹ̀tù ṣe wí, mo ń fi 0.3 gíréènì gòkè, ọta mẹ́ta mẹ́ta fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀n mẹ́fà lápapọ̀. Márùn-ún àkọ́kọ́ ń ṣe bí ínṣì kan láàárín àwọn ihò tó jìnnà síra jù. Ẹ̀kẹfà, tó wà ní òpin ohun tí ìwé gbà láyè, kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú 0.3 ínṣì. Mo pariwo. Bàbá arúgbó kan tó ń yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi wo bébà náà, ó pàtẹ́wọ́ fún mi. Ó ti ń yìnbọn kí wọ́n tó bí mi. Ó mọ ohun tí ihò mẹ́ta jẹ́, kò sì sọ ọ́. Títí di òní, ìpàtẹ́wọ́ yẹn ṣì ń bí mi nínú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí kò sọ. Ìbọn tí ọta mẹ́ta rẹ̀ ń jẹ́ ìlàjì ínṣì bí a bá pín in dọ́gba, ọta 10 rẹ̀ yóò tó bíi 0.8 ínṣì. Ìbọn ọ̀hún náà ni, ẹ̀tù ọ̀hún náà ni. Àti pé bí ẹ bá yìn ọta mẹ́ta lọ́nà mẹ́fà, ọ̀kan gbọ́dọ̀ kéré jù, bí ẹ̀tù inú gbogbo wọn tilẹ̀ dọ́gba. Oríire ni mo gbé adé lé lórí, mo pè é ní ọgbọ́n. Àwọn àgbà wa ní agbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ihò mẹ́ta, ẹnìkan ṣoṣo ló tíì rojọ́ yẹn.

Mo di 300 lórí ìwọ̀n yẹn. Mi ò yìn ín wò mọ́ títí di oṣù Keje.

Bíi 600 máìlì ni mo wakọ̀. Ní ọ̀sán, ooru ti lé ní 100, mo sì gbé páálí kàtíríìjì sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ nínú oòrùn. Bí prairie dog bá nàró, kò fẹ̀ ju ínṣì mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ, 200 yáàdì ló sì wà sí wa. Nínú mẹ́rin tí mo bá yìn, bóyá ọ̀kan á bà á. Mo ní atẹ́gùn ni. Atẹ́gùn Amarillo kì í ṣe eré lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun. Ohun tó burú jù ni pé bóòtù, irin tí à ń fà láti ṣí ìdí ìbọn, ti ń le díẹ̀ lọ́wọ́ mi bí mo bá fẹ́ ṣí i. Mo mọ̀ ọ́n lára. Mo ń yìn lọ.

Ọmọkùnrin olóko náà, ọmọ ọdún 16, ní kí òun náà gbìyànjú. Mo gbé ìbọn fún un. Ó yìn mẹ́rin. Nígbà tó yìn ìkarùn-ún, bóòtù kọ̀, kò ṣí. Bàbá rẹ̀ dé, ó gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá ọwọ́ bóòtù títí tó fi ṣí. Práímà ti tẹ́ pẹrẹsẹ, abẹ́rẹ́ ìbọn ti lu ú já láàárín, èéfín dúdú sì ti fọ́n sára gíláàsì ojú ọmọ náà. Ọpẹ́ ni pé ó wọ gíláàsì. Bàbá rẹ̀ wo gíláàsì yẹn, ó wò mí, ó dá ìbọn padà fún mi ní ṣíṣí. Kò bú mi. Kò sì pè mí mọ́ láti ọjọ́ náà.

Bóòtù tó le àti práímà tó tẹ́, àmì pé agbára èéfín ẹ̀tù nínú ìbọn ti pọ̀ jù ni wọ́n. Ààlà tí wọ́n fi sí agbára yẹn fún .223 jẹ́ 55,000 pọ́n-ùn lórí ínṣì onígun mẹ́rin kan. Ẹ̀tù tó gbóná ń jó kíákíá ju èyí tó tutù lọ, àwọn mìíràn nínú ẹ̀tù sì burú nídìí èyí ju àwọn yòókù. Mo ti dé ojú ààlà nínú òtútù, mi ò ṣẹ́ nǹkan kan kù sílẹ̀ fún ooru. Ihò mẹ́ta ló gbé mi débẹ̀.

Ṣakabùlà ni bàbá mi ń lò. Àdó kékeré kan ló fi ń wọn ẹ̀tù, ẹfọ̀n ni o, òkété ni o, àdó kan náà ni. Mi ò rí i kó fi kún un rí nítorí pé ẹran tóbi. Mo dàgbà nídìí ọkùnrin yẹn, mo sì wá ṣe ohun tí mo ṣe yìí.

Òru méjì ni mo fi tú bíi 240 tó kù, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo sọ̀kalẹ̀ ní ìwọ̀n méjì, mo di 10, mo yìn ín nínú oṣù Kẹjọ ní ọ̀sán gangan. Mo di 10 mìíràn, mo yìn ín lọ́jọ́ mìíràn. 0.9 ínṣì. Bí ìbọn mi ṣe mọ nìyẹn, òun náà ni mo sì ń lò láti ìgbà náà.

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta tó kù, nípa fífọ ọ̀pá ìbọn àti kíkọ nǹkan sílẹ̀, wọ́n lè dúró di ìgbà mìíràn.

Ìwọ tí o fi fọ́tò ránṣẹ́, má tíì di 500. Di 10. Lọ yìn ín nígbà tí oòrùn bá mú jù, kí o sì wo gbogbo práímà rẹ̀ bó ṣe ń jáde. Bí bóòtù bá le lẹ́ẹ̀kan péré, gbé ìbọn sílẹ̀ kí o máa lọ sílé. Bí kò bá le, di 10 mìíràn fún ọjọ́ mìíràn, lórí bébà kan náà. Bébà oníhò 20 yẹn ni kí o fi ránṣẹ́ sí mi.