Ibo ni kí ó ti sáré?

Lánàá ni mo pariwo mọ́ ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 14, pé kó gbé fóònù sílẹ̀ kó jáde lọ sáré. Ó ní, "Màámi, ibo ni kí n ti sáré?" Mo yọjú síta. Ọkọ̀ ń já lọ fìrì fìrì, kò sí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, wọ́n sì ti sọ pápá bọ́ọ̀lù di ibi ìgbọ́kọ̀sí.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àwọn ọmọ ọdún 5 sí 17 máa ṣe eré ìdárayá fún ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́, ó kéré tán. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kì í ṣe tó bẹ́ẹ̀. Ṣé ọ̀lẹ ni gbogbo wọn? Èmi ò gbà o! Ọmọ àbúrò mi, tí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ wà ládùúgbò wọn, ń fẹsẹ̀ rìn lọ sílé ìwé, láìsí pé ẹnikẹ́ni pariwo mọ́ ọn.