Gíráàmù 8

Ọdún 11 rèé tí wọ́n ti dá mi padà láti Amẹ́ríkà nítorí igbó gíráàmù 8 tí wọ́n bá lápò mi. Ìwé ìdájọ́ náà ṣì wà nínú agolo bisikíìtì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, ní Èbúté, Ìkòròdú níbí. Ọ̀rinrin ọ̀sà ti mú etí rẹ̀ pọ́n, ṣùgbọ́n iye gíráàmù yẹn ṣì hàn ketekete.

Òun gan-an ni mo gbójú lé. Òfin wọn fàyè gba ẹni tó jẹ̀bi ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, tí igbó ọwọ́ rẹ̀ kò ju gíráàmù 30 lọ, láti fi fọ́ọ̀mù I-601 tọrọ àforíjì kí ó lè padà wọlé, bí ìyà ńlá bá máa jẹ ìyàwó tàbí ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ibẹ̀ tí wọn kò bá gbà á wọlé.

Ọkùnrin kan ní Sábó ní kí n yí orúkọ padà, kí n gba páásípọ́ọ̀tù tuntun. Mo kọ̀ jálẹ̀. Ìtẹ̀ka mi wà lọ́wọ́ wọn, irọ́ kan péré sì lè tì mí mọ́ta títí ayé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà fún irú wọn.

Lánàá, ọmọ mi pè: “Dádì, kí ló kù?”

Mo ní, “Lẹ́tà dókítà màmá rẹ ni.”

Ó ní òun máa gbà á lọ́jọ́ Mọ́ńdè.