Ẹni Tí Ìyà Jẹ

Ọjọ́rú, Ìjẹ̀bú-Òde

Àbúrò mi, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ti Èkó dé lówùúrọ̀ yìí. Fọ́ọ̀mù kan wà nínú báàgì rẹ̀. Ó fẹ́ kí Odùsanyà tó ń jẹ́ di Olúsanyà. Ó ti wádìí bí wọ́n ṣe ń ṣe é: á búra ní kóòtù, á gbé e sínú ìwé ìròyìn, ó parí. Ó ní òun ò fẹ́ orúkọ òrìṣà lórí àwọn ọmọ òun mọ́. N ò bá a jà. Mo kàn ní ká kọ́kọ́ lọ kí Ìyá Àgbà.

Ìyá Àgbà ni àbúrò bàbá-bàbá wa, òun nìkan ló kù nínú wọn. Ẹ̀yìnkùlé la bá a, ó ń rin ewùrà tó fẹ́ fi se ìkọ́kọrẹ́. Páànù tí wọ́n fi ìṣó dá lu náà ló ṣì fi ń rin ín, ewùrà ń fà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ilá. A kí i, àbúrò mi sì bi í pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí ni ìtumọ̀ Odùsanyà gan-an?"

Ó ní, "Orúkọ bàbá mi ni."

Ó ní ìyá tó bí bàbá òun ti bí ọmọ mẹ́ta ṣáájú, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sin. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sídìí Ifá, wọ́n ṣe ohun tí Odù wí, ìkẹrin sì dúró. Ni wọ́n bá sọ ọ́ ní Odùsanyà: Odù ti san ìyà tó jẹ ìyá rẹ̀ padà fún un. Orúkọ ọmọ kan ṣoṣo ni, kì í ṣe ti ìdílé. Ìgbà tí bàbá-bàbá wa wọ ilé-ìwé ni tíṣà bi í pé ọmọ ta ni, ó dárúkọ bàbá rẹ̀, tíṣà sì kọ ọ́ mọ́ orúkọ ìrìbọmi rẹ̀. Báyìí ni gbogbo wa ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ ẹ.

Bẹ́ẹ̀ ló rí nílé púpọ̀ ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Lẹ́yìn ogun Ìmàgbọn ní 1892 tí òyìnbó ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú, ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé-ìwé ráyè wọlé, orúkọ àbísọ bàbá sì di èyí tí ọmọ ń kọ sẹ́yìn tirẹ̀. Ìyẹn ni Ọnà fi wà nínú Ọnàbánjọ, tí Oṣó sì wà nínú Ṣóyínká tí wọ́n ń jẹ́ ní Ìsarà: Oṣó yí mi ká. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti Ìkẹ́nnẹ́, Jeremiah ni orúkọ ìrìbọmi tiwọn, wọn ò sì tìtorí rẹ̀ yọ Awo kúrò.

Ṣùgbọ́n apá ìkẹyìn orúkọ wa ló gbà mí lọ́kàn lónìí. Odùsanyà, Ògúnsanyà, Ọnàsanyà; Odùkọ̀yà, Adékọ̀yà, Ṣókọ̀yà. Ẹ wo bí ìyà ti pọ̀ tó nínú orúkọ wa! Wọ́n san án fún ẹlòmíì, ẹlòmíì kọ̀ ọ́. Ojoojúmọ́ là ń pè é ní báǹkì àti níbi iṣẹ́, a ò rántí pé obìnrin kan ti sunkún kí orúkọ náà tó délẹ̀.

Àbúrò mi dákẹ́ títí. Nígbà tó yá ó ní, "Ìyá Àgbà, ìyá tí ìyà yẹn jẹ, kí ni wọ́n ń jẹ́?"

Ọwọ́ Ìyá Àgbà dúró lórí páànù. "N ò mọ̀ ju oríkì wọn lọ. Àṣàbí ni mo gbọ́ lẹ́nu bàbá mi."

Àbúrò mi yọ báírò, ó fa fọ́ọ̀mù náà jáde, ó sì kọ Àṣàbí sẹ́yìn rẹ̀.