Ta Ló Ni Ìrọ̀lẹ́ Bàbá? Abẹ́òkúta àti Exeter

Àwọn ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń ta ayò ní Ìjàyè, ní Abẹ́òkúta, ń pè mí ní Bàbá Lọ́ńdọ̀nù. Mo ti sọ ọ́ títí ó ti sú mi pé Lọ́ńdọ̀nù kọ́ ni mo ń gbé. Exeter ni, ní ìhà ìwọ̀-oòrùn gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ibi tí rélùwéè tó ń sáré gan-an á ti lò ju wákàtí méjì lọ kó tó dé Lọ́ńdọ̀nù. Wọn ò gbọ́. Lójú tiwọn, ẹni tó bá ti wọ bàálù ní Ìkẹjà, Lọ́ńdọ̀nù ló lọ. Ìsinmi ni mo wá lò nílé báyìí, ìbéèrè kan náà ni wọ́n sì ń bi mí lójoojúmọ́: níbo ló dùn jù, ibí àbí ọ̀hún? Ìdáhùn mi kì í tẹ́ wọn lọ́rùn. Mo ní, bó bá jẹ́ ti ọ̀rẹ́ ni, Abẹ́òkúta. Bó bá jẹ́ ti bàbá ọlọ́mọ kéékèèké, Exeter. Ti ìgbàgbọ́ ni mi ò lè fi gbólóhùn kan dáhùn.

Lafẹ́nwá ni mo ń gbé kí n tó lọ, Èkó sì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni mo ti ń jáde, kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Sángo Ọ̀tà má baà ká mi mọ́. Bí mo bá ń jáde, àwọn ọmọ ń sùn. Bí mo bá wọlé, wọ́n ti sùn. Sátidé ńkọ́? Sátidé kì í ṣe ti bàbá ní Abẹ́òkúta. Òkú ìyá ọ̀rẹ́ wà níbẹ̀, ìgbéyàwó ọmọ ọ̀gá wà níbẹ̀, ìsọmọlórúkọ lè tún já lù ú, aṣọ ẹbí la ó sì rà sí gbogbo rẹ̀. Tó bá di ọjọ́ Ìsinmi, ìsìn á mú wa dé ọ̀sán, ìpàdé ẹgbẹ́ á tẹ̀lé e. Kò sẹ́ni tó rí èyí bí ohun tó burú, torí ilé kún. Ìyá mi wà níbẹ̀, àbúrò ìyàwó mi ń bá wa gbé, ìyá oníṣu sísun tó wà lójúde wa sì lè na ọmọ mi bó bá ṣe àìdáa, kó tún wá bù fún un jẹ. Iṣẹ́ bàbá ni kó san owó ilé ìwé, kí wọ́n sì rí orúkọ rẹ̀ fi dẹ́rù ba ọmọ: "Jẹ́ kí bàbá ẹ dé!"

Bọ́ọ̀sì ni mo ń wa ní Exeter. Bí mo bá ṣe iṣẹ́ òwúrọ̀, ọ̀sán ni wọ́n ti tú mi sílẹ̀, èmi ni mo sì ń lọ mú àwọn ọmọ níléèwé ní nǹkan bí aago mẹ́ta ààbọ̀. Àwọn olùkọ́ kì í jẹ́ kí ọmọ kékeré jáde láìrí ẹni tó wá mú un, kò sì sí ìyá oníṣu tí èèyàn lè rán. Òjò máa ń pa wá. Ṣùgbọ́n láàárín ẹnu ọ̀nà ilé ìwé sí afárá odò Exe, mo ti máa ń gbọ́ ẹni tó já ẹlòmíràn lórí ìlà oúnjẹ, ẹni tí kì í bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ mọ́, àti ọmọ tó sọ fún ọmọ mi pé kò sí Ọlọ́run. Mo ní kí ló fi dá a lóhùn. Ó ní òun bi í pé, ta wá ni bàbá òun ń bá pariwo ní gbogbo ìdájí? Ká ní Lafẹ́nwá la wà ni, mi ò ní gbọ́ ìyẹn láéláé. Ìyá mi ni ì bá gbọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ ariwo ìdájí yẹn náà nìyẹn. Ní Lafẹ́nwá, ládàánì ló ń jí mi. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin Àlàájì ni, bí ọ̀pọ̀ ilé ní Ẹ̀gbá ṣe rí. Bó bá ń lọ kírun, èmi náà á dìde ṣe àdúrà ìdílé. A ó kọ orin, a ó ka Bíbélì, a ó gbàdúrà sókè, àwọn ayálégbé tó wà ní yàrá kejì á sì máa bá wa ṣe "Àmín" láti ẹ̀yìn ògiri, ìgbà mìíràn láti inú balùwẹ̀. Nígbà tí a dé Exeter, a ṣe é bí a ṣe mọ̀ ọ́n ṣe. Kò pẹ́, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Ìyá tó wà nílé kejì ni, ó wọ aṣọ àwọ̀sùn, ó ní òun kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnì kan fara pa ni. Láti ìgbà náà la ti ń kọ orin wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

Aké ni wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún mi, ní Pétérù Mímọ́. Ẹni tó bá lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ìsinmi ní Abẹ́òkúta mọ ìtàn náà lákọ̀ọ́sórí: Henry Townsend, òyìnbó oníwàásù, kọ́kọ́ wọ̀lú ní 1843, Ṣódẹkẹ́ tó jẹ́ olórí Ẹ̀gbá gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó tún padà wá ní 1846, òun àti Àjàyí Crowther, ní 1859 ó gbé Ìwé Ìròhìn jáde. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi ni pé ọmọ Exeter ni Townsend. Ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí ní 1815, ibẹ̀ ló sì padà kú sí ní 1886. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú náà ní àwọn ohun èlò ilẹ̀ Yorùbá tó kó bọ̀ láti ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tí mo sọ fún àwọn ọmọ mi, èyí àbígbẹ̀yìn béèrè bóyá ó tọrọ wọn ni àbí ó kàn kó wọn. Mo ní kí a lọ ra áísìkirìmù.

Ìlú tó rán oníwàásù sí wa, ṣọ́ọ̀ṣì tí à ń lọ níbẹ̀ kì í kún. Àwọn tó ń wá, orí wọn funfun báláú. Ṣọ́ọ̀ṣì bíi mélòó kan ló wà lọ́wọ́ àlùfáà kan ṣoṣo, nítorí náà kì í fi àkókò ṣòfò: ní wákàtí kan ìsìn ti parí, à ń mu tíì pẹ̀lú bísíkíìtì. Nígbà tí mo ṣàlàyé èyí ní Ìjàyè, wọ́n kú ẹ̀rín, wọ́n ní òyìnbó ti pa Ọlọ́run tì, ó ku kí àwa lọ wàásù fún wọn. Èmi kì í bá wọn rín ẹ̀rín náà mọ́. Ìyá àgbà kan wà nínú ìjọ wa tí mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú àdúrà rí. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń wa ọkọ̀ rẹ̀ kékeré kiri, tó ń gbé oúnjẹ fún ẹni tí kò ní. Ṣé òun náà ti pa Ọlọ́run tì?

Ká sòótọ́, lílọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kò ná mi ní nǹkan kan ní Abẹ́òkúta. Gbogbo ilé ló ń lọ. Ẹni tí kò lọ ni wọ́n máa ń bi pé ṣé ara rẹ̀ yá. Bí mo bá pa ọjọ́ Ìsinmi méjì jẹ, bàbá ìjọ á pè mí, ẹgbẹ́ mi á rán ẹni wá wò mí, wọ́n tilẹ̀ lè bu owó ìtanràn lé mi. Ní Exeter, ẹni tó lọ ni wọ́n ń wò tìyanu-tìyanu. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ bi mí ní ọjọ́ Ajé bóyá ìyàwó mi ló ń fi dandan mú mi lọ. Kò sí aṣọ ẹgbẹ́, kò sí ìlù, kò sí ìdúpẹ́ tí èèyàn á jó lọ síwájú pẹpẹ. Bí ojú ọjọ́ bá ṣú, tí ibùsùn sì gbóná, kò sí ẹni tó máa bi mí. Àwọn òwúrọ̀ bẹ́ẹ̀ ló ń sọ fún mi bóyá mo gba ohun tí mo ń wí gbọ́, nígbà mìíràn èsì náà kì í dùn mọ́ mi.

Ìkórè ni ibi tí ó ti ń ṣe mí bíi kí n fò délé. Ẹ mọ ìkórè wa: iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀, adìyẹ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀ tó ń ké láàárín ìwàásù, lẹ́yìn náà ni gbàǹjo. Wọ́n á gbé iṣu kan sókè, "Ẹgbẹ̀rún márùn-ún! Ta ló fi kún un?" Ẹni tó bá rà á á ní kí wọ́n tún un tà, iṣu kan á sì mówó wá lẹ́ẹ̀mẹta kó tó rẹlé. Ní ọ̀hún, ẹ̀wà inú agolo, màkàrónì àti ṣúgà ni wọ́n ń tò síwájú pẹpẹ, kí wọ́n lè kó o fún ibi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ fún aláìní. Èrò yẹn dára, mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n mo gbé elégédé ńlá kan wá, mo sì tọrọ àyè lọ́wọ́ àlùfáà pé kí n tà á ní gbàǹjo. Ilé pa lọ́lọ́. Òyìnbó kì í fẹ́ pariwo owó nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tó yá, bàbá kan na ìka kan sókè. Ìyá kan na tirẹ̀. Elégédé dé pọ́n-ùn méjìlá. Mo kí bàbá náà kú oríire, mo sì ní ó kù kó dá a padà, kí a tún un tà. Ó dì í mọ́ àyà. Ó ní òun ti sanwó. Gbogbo ìjọ bú sẹ́rìn-ín, títí kan àlùfáà, bàbá náà sì gbé elégédé rẹ̀ lọ sílé. Mi ò lè dá a lẹ́bi.

Lórí ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́, kò sí ìfiwéra. Lábẹ́ igi ní Ìjàyè, ọpọ́n ayò ìlé méjìlá, ọmọ ayò 48, àwa méjì tó ń ta á, òǹwòran mẹ́jọ tó ń bú wa. Káfíńtà wà níbẹ̀, tíṣà fẹ̀yìntì wà níbẹ̀, Mùsùlùmí wà níbẹ̀ ju àwa Kìrìsìtẹ́nì lọ. Nígbà Iléyá, ẹran wọn ń dé ilé mi. Nígbà Kérésì, ìrẹsì wa ń dé tiwọn. Kò sẹ́ni tó ń pe ẹnì kan kó tó wá. "Mo kàn ní kí n yà kí yín ni" ni ẹnikẹ́ni máa wí, oúnjẹ á sì dé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi kún un pé yíyà kíni yìí náà ló ń jẹ́ kí ìrọ̀lẹ́ tán lọ́wọ́ bàbá. Ọ̀rẹ́ ní Abẹ́òkúta kì í dágbére, owó aṣọ ẹbí rẹ̀ kò sì kéré.

Exeter ńkọ́? Ọ̀rẹ́ kan ni mo ní níbẹ̀ tí mo lè pè bẹ́ẹ̀, inú oko la sì ti pàdé. Ìjọba ìlú máa ń pín ilẹ̀ fún ará ìlú kí wọ́n gbin nǹkan sí i. Èèyàn á dúró lórí ìlà kó tó kàn án, á sì máa san owó díẹ̀ lọ́dún. Ààbọ̀ ilẹ̀ ni tèmi. Àwọn ará Ìjàyè kò lè gbé èyí mì: "Bàbá rẹ ní oko sí Ọ̀dẹ̀dá, o ò lọ. O wá lọ ṣe àgbẹ̀ ní Ìlú Ọba!" Ó dùn mọ́ mi láì jẹ́ pé mo lè ṣàlàyé rẹ̀. Bàbá tí ilẹ̀ rẹ̀ bá tèmi pààlà, òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìntì, ló kọ́ mi pé ọjọ́ Ẹtì Rere, ọjọ́ tí wọ́n kan Jésù mọ́ àgbélébùú, ni àwọn bàbá wọn ń gbin ànàmọ́ òyìnbó. A jọ gbìn ín lẹ́yìn ìsìn, èmi pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lábẹ́ ẹ̀wù òjò. Nílé, ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé Àjíǹde là ń ṣe Gálílì, táwọn ọmọ ń gun Olúmọ. Lọ́hùn-ún, wọ́n ń wo ibi tí mo gbin ànàmọ́ sí bóyá ó ti hù.

Mo gbin ewédú sínú ilé oníláílọ́ọ̀nù. Ìṣáwùrú ilẹ̀ tí kò ní ìkarahun jẹ ìdajì. Mo fi ìyókù se ọbẹ̀, mo sì pe bàbá náà wá jẹ làfún. Ó mú ìwé kékeré jáde lápò, ó wo ọjọ́, ó ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ọjọ́bọ̀, aago mẹ́fà. Aago mẹ́fà géérégé ló kan ilẹ̀kùn. Ewédú fà láti abọ́ dé àgbọ̀n rẹ̀, ó ń fi ọ̀bẹ gé e. Ó jẹ ẹ́ tán. Kò tíì béèrè fún un mọ́, àmọ́ nígbà tí ìyàwó mi bímọ tó kẹ́yìn, àpò ànàmọ́ kan la bá lẹ́nu ọ̀nà, kò sí ìwé kankan lára rẹ̀.

Bọ́ọ̀lù ni kí n má fi gùn. Ní Lafẹ́nwá, ilé ìwòran ni, jẹnẹrétọ̀, Arsenal àti Chelsea, ìjà. Ní Exeter, mo ń mú ọmọkùnrin mi lọ wo Exeter City, ẹgbẹ́ tó jẹ́ pé àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ló ni ín, tí kò sì dé líìgì gíga jù lọ rí. Ẹnikẹ́ni ní Ìjàyè kò gbà pé irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ wà.

Ìyàwó mi ka ohun tí mo kọ yìí, ó ní òun kò fọwọ́ sí i. Ó ní èmi ni mo rí àyè ní Exeter, òun kọ́. Ní Lafẹ́nwá, bí òun bá bímọ, ìyá òun á wẹ̀ ẹ́, ìyá mi á fi omi gbígbóná tọ́jú òun, àbúrò òun á fọṣọ, aládùúgbò á gbé ọmọ lọ kí òun lè sùn. Lọ́hùn-ún, bí èmi bá wà lẹ́nu iṣẹ́, òun nìkan ni, pẹ̀lú ògiri. "Bí o ṣe ń mú ọmọ níléèwé yẹn, ta ló ń ṣe ìyókù?" Mo ní mo ń fọ abọ́. Ó ní abọ́ nìkan? Àríyànjiyàn náà ò tíì parí, àmọ́ a ti fẹnu kò sórí ohun kan: bí a bá padà, Sátidé di tirẹ̀. Èmi àti àwọn ọmọ á máa wà lóko láti òwúrọ̀, òun á máa lọ bá àwọn obìnrin Yorùbá ẹgbẹ́ rẹ̀ níbi tó bá wù wọ́n. Ó ti kìlọ̀ pé kí n má dúró de òun fún oúnjẹ ọ̀sán.