Ọgọ́rùn-ún náírà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀

Ìjẹ̀bú-Òde, Ọjọ́bọ̀

Ẹni tó bá pàtẹ ata láti aago méje àárọ̀ di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ á tọ̀ tó ẹ̀ẹ̀mẹrin kó tó palẹ̀ mọ́. Bí ọmọ tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bá ń na ike owó sí i, “Màmá, ọgọ́rùn-ún náírà ni o,” ₦400 ti lọ lójúmọ́. Láàárín ọjọ́ 26 tí wọ́n fi ń tajà lóṣù, ó di ₦10,400. Ọkùnrin tó ń ti ọmọlanke lọ́jà kan náà kò ní san kọ́bọ̀ bó bá jẹ́ ìtọ̀ lásán, ògiri ń bẹ. Àkọlé “Má tọ̀ síbí” tó wà lára ògiri ọ̀hún gan-an ló máa ń fi ibẹ̀ han àlejò.

Ìjẹ̀bú mọ owó í ṣọ́, wọ́n sì máa ń fi ìyẹn ṣe wá yẹ̀yẹ́. Ọ̀nà tó yá jù fún obìnrin láti ṣọ́ ₦400 yìí ni kó má mu omi, tàbí kó di ìtọ̀ mọ́ra títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìtọ̀ tó pẹ́ nínú ara ń fún kòkòrò láyè láti pọ̀ sí i, bó bá sì ti ń ta èèyàn, owó oògùn á ju owó tí a ṣọ́ lọ. Aboyún kò tilẹ̀ lè dì í mọ́ra. Ẹni tó ń ṣe nǹkan oṣù á lọ ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ, yóò sì nílò omi nínú yàrá gan-an, ìṣó tí yóò fi báàgì kọ́, àti garawa olómorí.

Wọ́n ti bá ọ̀rọ̀ yìí jà níbòmíràn. Ní oṣù kẹrin ọdún 1969, March Fong Eu, obìnrin aṣòfin ní California, gbé àwo ìgbọ̀nsẹ̀ tí wọ́n fi ṣéènì wé síwájú ilé aṣòfin ní Sacramento, ó sì fi òòlù fọ́ ọ lójú gbogbo ayé. Ẹjọ́ rẹ̀ ni pé obìnrin ń san owó kí ilẹ̀kùn tó ṣí, ọkùnrin sì ń tọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Chicago fòfin de owó ẹnu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní 1973, California ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1974. Ohun tó tẹ̀lé e ló yẹ kí àwa náà wò dáadáa: nígbà tí owó ẹnu ọ̀nà lọ, tí kò sí owó mìíràn tó rọ́pò rẹ̀, wọ́n ti ọ̀pọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà pa. Paris gba ọ̀nà mìíràn. Láti 2006 ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ojú títì wọn ti di ọ̀fẹ́, àpò ìlú ni owó rẹ̀ sì ti ń jáde.

Tiwa náà kò ṣòro í wá. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, nínú àfikún rẹ̀ kẹrin, to ọjà, gáréèjì àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogbogbò pọ̀ mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ọ̀gá tó ni ọjà ló ni ṣáláńgá ọjà. Tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń já fún oníṣọ́ọ̀bù àti alátẹ, inú rẹ̀ sì ni kí owó ìgbọ̀nsẹ̀ wà.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò ọjà tó ní ìsọ̀ 200. Ìwọ̀n tí àwọn aṣèrànwọ́ àgbáyé ń lò ni yàrá ìgbọ̀nsẹ̀ kan fún ìsọ̀ 20, mẹ́ta fún obìnrin sí ọ̀kan fún ọkùnrin. Yàrá 10 nìyẹn: 7 fún obìnrin, 3 fún ọkùnrin, pẹ̀lú ojú ìtọ̀ lọ́tọ̀ fún ọkùnrin kí ògiri lè sinmi. Bí ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan bá fi ₦50 kún tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lójúmọ́, ₦10,000 ni lójúmọ́, ₦260,000 lóṣù. San ₦77,000, owó oṣù tó kéré jù tí ìpínlẹ̀ Ògùn kéde ní 2024, fún òṣìṣẹ́ méjì, ó ku ₦106,000 fún omi, ọṣẹ, Hypo àti àtúnṣe. Ìyá aláta tó ń san ₦10,400 á wá máa san ₦1,300, ọmọ rẹ̀ àti oníbàárà rẹ̀ á sì wọlé lọ́fẹ̀ẹ́.

Omi ló máa ń kọ́kọ́ ba nǹkan jẹ́. Bí a bá fi ìgbà 300 ṣe àpẹẹrẹ ìlò ọjọ́ kan, àwo tí a ń da omi sí fúnra wa ń gba lítà 3 lẹ́ẹ̀kan, lítà 900. Fi 150 kún un fún ọwọ́ fífọ̀, 80 fún ilẹ̀ àti àwo, ó di 1,130. Táńkì lítà 2,000 á gbé e, kódà bí iná bá lọ tí bọ́họ̀ kò ṣiṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Irú èyí tí a ń tẹ̀ kó tó ṣàn, tí àwọn tó ti pẹ́ ń gba lítà 9, á fẹ́ lítà 2,700 fún ìṣàn nìkan. Rọ́bà inú rẹ̀ á sì jẹ láìpẹ́, omi á máa dà tọ̀sán tòru, táńkì á gbẹ. Fún ọjà, àwo àdàsí ni kí wọ́n rà, pẹ̀lú garawa àti ike nínú yàrá kọ̀ọ̀kan.

Abẹ́ ilẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò. Táńkì ìgbẹ́ gbọ́dọ̀ pín sí méjì, ti àkọ́kọ́ kó gba ìdá méjì nínú mẹ́ta, kí páìpù tó rí bíi T sì wà lẹ́nu àbájáde, kí ìfófòó orí omi má bàa tẹ̀ lé omi lọ sí sọ́kàwéè, ihò tí omi ti ń rì sínú ilẹ̀. Bí gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ ìsàlẹ̀ bá ti dé ìdá kan nínú mẹ́ta, kí wọ́n pe ọkọ̀ afàgbẹ́. Bí wọ́n bá dúró dìgbà tó kún, gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ á ti dí ilẹ̀ sọ́kàwéè, a ó sì gbẹ́ tuntun. Ọ̀rá píọ́ wọ́tà àti páàdì ló ń dí páìpù jù. Garawa olómorí yẹn ló ń gbà á. Kí sọ́kàwéè jìnnà sí kànga tó mítà 30. Ní ìhà Ògùn Waterside, níbi tí omi ilẹ̀ ti sún mọ́ òkè, kí ìsàlẹ̀ sọ́kàwéè fi mítà kan àti ààbọ̀ ga ju omi lọ, bó tilẹ̀ gba pé kí wọ́n gbé gbogbo ilé náà sókè.

Hypo ìwọ̀n kan sí omi mẹ́fà tó láti nu àwo àti ìdí ìlẹ̀kùn. Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ oògùn àwo tó jẹ́ ásíìdì. Èéfín tó ń jáde ń dí èémí, yàrá kékeré kò sì ní àyè ìsá. Kí wọ́n má sì dà á púpọ̀ sínú ihò, ó ń pa kòkòrò tó ń jẹ ìgbẹ́ nínú táńkì.

Ẹnu ọ̀nà kan, ó kéré tán, gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 80, kó ṣí síta, kí kẹ̀kẹ́ arọ lè wọlé. Bí àtẹ̀gùn bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 30, ìgòkè tó dẹ̀ fún kẹ̀kẹ́ á gùn tó mítà 3.6. Iná náà ṣe pàtàkì, pàápàá ní gáréèjì Ṣágámù níbi tí ọkọ̀ ti ń já èrò lóru.

Ti àjọ̀dún Ojúde Ọba, ọjọ́ kẹta Iléyá, yàtọ̀ díẹ̀. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àgbégbé ni wọ́n ń lò, inú rẹ̀ sì há fún ẹni tó wé gèlè tó sì ró aṣọ òkè. Etí títì tí ọkọ̀ lè dé ni kí wọ́n gbé e sí, kí okùn ọkọ̀ afàgbẹ́ tó o, kí wọ́n sì fà á kó ṣófo ní ìdájí, nítorí tí regbẹ́regbẹ́, àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jọ́ orí kan náà, bá ti ń jáde, kò sí ọkọ̀ tó lè kọjá mọ́ títí di ìrọ̀lẹ́.