Kí ẹ tó sanwó fún òròmọdìyẹ tí wọ́n máa fi ránṣẹ́: ohun tí ojú mi ti rí

Ẹni tó bá ń sin adìyẹ lóde òní lè ra òròmọdìyẹ láìkúrò nílé. Á tẹ fóònù, á sanwó, wọ́n á kó wọn sínú páálí, wọ́n á sì fi wọ́n ránṣẹ́ sí i bí ìgbà tí wọ́n ń fi bàtà ránṣẹ́. Èmi náà ti ń rà wọ́n bẹ́ẹ̀ tipẹ́, mo sì tún máa rà. Àmọ́ àwọn tó ń wá gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ mi kì í béèrè ohun tó yẹ. Iye tí wọ́n ń tà á àti ẹ̀yà tó ń yé ẹyin jù ni wọ́n máa ń béèrè. Ohun tó ń pa òròmọdìyẹ lójú ọ̀nà kò sí nínú méjèèjì. Aago ló ń pa wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká tibi ìdí tó fi ṣeé ṣe rárá bẹ̀rẹ̀. Ẹyin adìyẹ máa ń lo nǹkan bí ọjọ́ 21 lábẹ́ ìyá tàbí nínú ẹ̀rọ. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kí ọmọ inú rẹ̀ jáde, á fa ìyókù pupa ẹyin wọ ikùn ara rẹ̀. Ìyẹn ló máa jẹ, ìyẹn náà ló máa mu, fún nǹkan bí wákàtí 72. Ìyá adìyẹ ni Ẹlẹ́dàá ṣe é fún. Gbogbo ẹyin tó sàba lé kì í pa lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn tó kọ́kọ́ jáde sì gbọ́dọ̀ lè dúró de àwọn tó kù, kí ìyá wọn má baà dìde kúrò lórí ẹyin nígbà tí kò tíì yẹ. Àyè díẹ̀ yẹn ni àwọn ilé ìsàba, ìyẹn àwọn tó ń fi ẹ̀rọ sàba ẹyin tí wọ́n sì ń ta ọmọ rẹ̀, rí tí wọ́n fi ń ṣòwò. Láti ọdún 1918 ni ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ti ń gba òròmọdìyẹ ọmọ ọjọ́ kan, òfin wọn sì ni pé kó dé ọwọ́ ẹni tó rà á láàárín wákàtí 72 tó jáde nínú ẹyin.

Ẹ kíyè sí i pé ìgbà tó jáde nínú ẹyin ni kíkà ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ìgbà tí wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ sọ fún yín pé ẹrù yín ti gbéra. Ibẹ̀ ni ìṣirò ti ń dàrú mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́. Nínú ẹ̀rọ kan náà, èyí tó yá lè fi odindi ọjọ́ kan ṣáájú èyí tó pẹ́. Á dúró kí ara rẹ̀ gbẹ, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò bóyá akọ ni tàbí abo, wọ́n á gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n á kà á sínú páálí, páálí á tún dúró de ọkọ̀. Tí wọ́n bá wá sọ fún yín pé ọjọ́ méjì péré ló máa gbà lójú ọ̀nà, òròmọdìyẹ tó kọ́kọ́ jáde nínú páálí yẹn ti lè jẹ ìdá kan nínú mẹ́ta àkókò rẹ̀ kí awakọ̀ tó ṣáná sí ọkọ̀. Ìbéèrè tí mo máa ń kọ́kọ́ bi ẹni tó fẹ́ tà fún mi kò ju pé: "Ọjọ́ wo ni wọ́n máa jáde, aago mélòó sì ni páálí máa kúrò lọ́dọ̀ yín?" Ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á dáhùn lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá kàn ń sọ pé kí n fọkàn balẹ̀, kí n má ṣèyọnu, ibòmíì ni màá gbé owó mi lọ.

Ìdádúró díẹ̀ ti tó láti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Mo ti gba páálí tí wọ́n gbé sí ilé ìkẹ́rùsí láti ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì títí di òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, torí pé ẹni tó yẹ kó gbé e ti tilẹ̀kùn lọ sinmi. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí ara páálí náà pé ohun abẹ̀mí wà nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kà á. Èyí tí gbogbo ayé gbọ́ tún burú ju tèmi lọ. Lọ́dún 2025, ní ìpínlẹ̀ Delaware ní Amẹ́ríkà, nǹkan bí 12,000 òròmọdìyẹ há sínú ọkọ̀ ìfìwéránṣẹ́ fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta, nínú ooru, láìsí oúnjẹ, láìsí omi. Ó lé ní 4,000 tó kú. Àwọn tó yè kò ṣeé dá padà sí ilé ìsàba, torí ẹyẹ tó bá ti jáde lọ lè kó àrùn wọlé padà. Ilé ìtọ́jú ẹranko ló bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó máa gbà wọ́n sìn. Ohun tí ẹni tó ń rà máa ń gbàgbé nìyẹn: òròmọdìyẹ kò ní ìdápadà.

Òròmọdìyẹ ọmọ ọjọ́ kan kò lè dá mú ara rẹ̀ gbóná, ooru ara ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń yá. Ìdí nìyẹn tí páálí tó ń gba 100 fi sábà máa ń ní ìyàrá mẹ́rin, 25 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè móoru síra wọn láìgun ara wọn lórí pa. Òun náà ló fà á tí ọ̀pọ̀ ilé ìsàba kì í fi mẹ́ta tàbí mẹ́rin ránṣẹ́. Tí ohun tí ẹ rà bá kéré, tí òtútù sì wà níta, àwọn kan máa ń fi akọ díẹ̀ kún un láìsọ fún yín. Inú àwọn èèyàn máa ń dùn pé àwọn rí jàrá. Jàrá kọ́ o, ohun ìmóoru ni, ẹ̀yin lẹ sì máa bọ́ àwọn àkùkọ yẹn tí wọ́n bá dàgbà. Ní tèmi, ooru ni mo bẹ̀rù ju òtútù lọ. Tí wọ́n bá to páálí léra nínú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa, tí afẹ́fẹ́ ò ráyè wọlé, omi inú pupa ẹyin yẹn á ti tán pẹ́ kí wákàtí 72 tó pé.

Kí n tó ṣí páálí ni mo ti máa ń gbọ́ bí nǹkan ṣe rí. Tí wọ́n bá ń ké jẹ́jẹ́, tí wọ́n ń dá ara wọn lóhùn, ọkàn mi á balẹ̀. Tí igbe bá ń dún kíkankíkan láìdáwọ́ dúró, òtútù tàbí òùngbẹ ti mú wọn. Kí páálí dákẹ́ ni mi ò fẹ́ rárá. Lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀ ni mò ń wò. Ẹsẹ̀ tó dáa máa ń kún, á máa dán. Ti èyí tí omi ti gbẹ lára rẹ̀ á hunjọ, iṣan á yọ síta, òun fúnra rẹ̀ á sì fúyẹ́ débi pé ẹ ò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ pé ẹ gbé nǹkan kan lọ́wọ́. Mo máa ń ti ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bọ omi kó tó kan ilẹ̀, ṣóńṣó ẹnu nìkan, kí omi má wọ ihò imú. Omi náà á lọ́ wọ́ọ́rọ́, màá fi ṣúgà díẹ̀ sí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́, màá sì da òkúta wẹ́wẹ́ sínú àwo rẹ̀, torí èyí tó ti rẹ̀ lè dorí kodò sínú omi tí kò jìn rárá. Ó máa ń tó wákàtí kan tàbí méjì lẹ́yìn omi kí n tó gbé oúnjẹ kalẹ̀. Ibi tí wọ́n máa wà ti gbọ́dọ̀ gbóná láti ọjọ́ tó ṣáájú, ìwọ̀n 32 sí 35 lórí òṣùwọ̀n Celsius lábẹ́ iná fún ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ẹ sì máa dín in kù ní nǹkan bí ìwọ̀n 3 lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.

Àwọn tó kú sínú páálí nìkan kọ́ ni àdánù yín. Ọ̀tọ̀ ni àwọn tó máa dé láàyè, tí wọ́n á máa rìn kiri, tí wọ́n á sì kú ní ọjọ́ kẹrin tàbí ìkarùn-ún. Àárẹ̀ ọ̀nà ò jẹ́ kí wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń jẹ, pupa ẹyin sì ti tán nínú wọn. Ẹ wá wo ìwé onídùúró tí àwọn tó ń tà á máa ń kọ. Púpọ̀ nínú wọn ní kéèyàn mú ẹjọ́ wá láàárín wákàtí 24 tàbí 48, pẹ̀lú fọ́tò. Ikú tó ń bọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ọrùn yín ló wà. Owó tí wọ́n bá sì dá padà, owó òròmọdìyẹ ni, wọn kì í sábà fi owó ọkọ̀ kún un. Èyí tí kò kú náà lè má ṣe dáadáa, torí tí oúnjẹ bá pẹ́ kó tó dé ikùn òròmọdìyẹ, ìfun rẹ̀ kì í tètè gbó, á sì máa kéré sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ kẹta, ẹ máa gbé wọn wò nídìí. Wàhálà ọ̀nà máa ń jẹ́ kí ìgbẹ́ lẹ̀ mọ́ ihò ìdí wọn, kó gbẹ, kó sì dí i pa. Tí ẹ ò bá tètè rí i, ó máa pa á. Òwú tí mo rẹ sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ni mo máa ń gbé lé e títí á fi rọ̀, nígbà náà ni màá nù ún kúrò díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fà á ní gbígbẹ, ó máa bó o lára. Ẹ sì ṣọ́ra, torí ìdodo wà nísàlẹ̀ ikùn níbẹ̀, èèpá kékeré dúdú kan sì lè wà lórí rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe ìgbẹ́. Ẹni tó bá já a ti ṣílẹ̀kùn fún àrùn. Tó bá wá jẹ́ pé wọ́n pọ̀ tí ìgbẹ́ funfun ń lẹ̀ mọ́ nídìí, tí wọ́n ń káàárẹ̀, tí apá wọn ń já sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti àárẹ̀ ọ̀nà, ẹ pe dókítà ẹranko. Irú kòkòrò Salmonella kan wà tí wọ́n ń pè ní Pullorum, tó ń ti ara ìyá gba inú ẹyin dé ara ọmọ. Torí rẹ̀ ni mo ṣe máa ń béèrè ìwé àyẹ̀wò àwọn tó yé ẹyin náà kí n tó rà á. Mo tún máa ń béèrè bóyá wọ́n ti gún wọn lábẹ́rẹ́ àjẹsára Marek, àrùn tó ń rọ adìyẹ lẹ́sẹ̀, torí ilé ìsàba ni wọ́n ti ń gún un, lọ́jọ́ tí wọ́n bá jáde. Tí ẹ bá ní adìyẹ tẹ́lẹ̀, ẹ má kó àwọn àlejò yìí lọ bá wọn.

Salmonella tún ń mú èèyàn, kódà láti ara òròmọdìyẹ tó ń ta kébékébé. Ọwọ́ fífọ̀ kò ṣeé fi ṣeré. Ẹ má gbé páálí wọnú ilé ìdáná, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5 gbé wọn mọ́ra tàbí fi ẹnu kàn wọ́n, bó ti wù kó sunkún tó.

Ní ti akọ àti abo, ẹ má retí pé ó máa pé pérépéré. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti já sí iṣẹ́ wíwo ìdí òròmọdìyẹ pàápàá lè ṣi díẹ̀ mú, púpọ̀ nínú àwọn tó ń tà á kì í sì í ṣèlérí ju nǹkan bí 90 nínú 100 lọ. Àwọn ẹ̀yà kan wà tí àwọ̀ ara wọn ń sọ ọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n jáde, irú àwọn aláwọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n ń sìn fún ẹyin, tí abo wọn pọ́n tí akọ wọn sì mọ́lára. Ẹni tí kò bá fẹ́ àkùkọ rárá, irú ìyẹn ni kó rà.

Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí nìyí. Tí ilé ìsàba bá wà níbi tí ọkọ̀ lè gbé mi dé kí n sì padà lọ́jọ́ kan náà, èmi fúnra mi ni mò ń lọ kó wọn. Tó bá jìnnà, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni mò ń ní kí wọ́n fi ránṣẹ́, mi ò sì jẹ́ kó bọ́ sí ìgbà ìsinmi tàbí ìgbà tí ooru mú gan-an. Nọ́ńbà fóònù mi máa ń wà lára páálí, mo sì máa ń sọ fún ilé ìfìwéránṣẹ́ ṣáájú pé kí wọ́n pè mí bó bá ti dé, pé èmi ni màá wá gbé e. Iwájú òṣìṣẹ́ tó gbé e fún mi ni mo ti ń ṣí i, ibẹ̀ náà ni mo ti ń ya fọ́tò. Ẹni tó bá fẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún péré sẹ́yìn ilé, mi ò ní gbà á nímọ̀ràn kó ra òròmọdìyẹ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ rárá. Kó wá èyí tó ti hu ìyẹ́ tán, tí kò nílò iná mọ́, lọ́dọ̀ ẹni tó wà nítòsí, kó sì lọ fojú ara rẹ̀ yàn án. Owó rẹ̀ á ga ju ti òròmọdìyẹ lọ, àmọ́ èyí tó bá rí láàyè níbẹ̀ ló máa gbé délé.